Àwọn Dogon Orí Àpáta Bandiagara: Òkè Tí Ó Gbà Wọ́n, Ọ̀rọ̀ Tí Ó Pa Wọ́n Mọ́



Ilé ara wa ni a sábà máa ń yẹ̀ wò ní irú ìjókòó báyìí. Lónìí, a fẹ́ kí a jọ yọjú sí ilé ẹlòmíràn. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Oko tí a fẹ́ mú yín dé ni ilẹ̀ àwọn Dogon, àwọn ará òkè ní orílẹ̀-èdè Màlì. Wọn kò ní ọba kan ṣoṣo tí ó jẹ lórí gbogbo wọn, wọn kò ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, èdè wọn kò sì tàn kálẹ̀ bí èdè àwọn alágbára tí ó yí wọn ká. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi gbé ní etí àwọn ilẹ̀-ọba ńlá. Àwọn ilẹ̀-ọba náà dìde, wọ́n sì wó. Dogon ṣì wà níbẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé, kí ni ó pa wọ́n mọ́? Ohun tí ó pa wọ́n mọ́ nígbà náà, ǹjẹ́ ó tó láti pa wọ́n mọ́ lónìí?

Òkè náà àti àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀

Ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Mopti, ògiri àpáta kan wà tí a ń pè ní Bandiagara. Ó gùn tó nǹkan bí 150 kìlómítà, gíga rẹ̀ sì tó 500 mítà ní àwọn ibì kan. Lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ olókùúta tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ wà. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Dogon kọ́ ilé sórí òkè, wọ́n kọ́ ọ sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ sára rẹ̀ bí ìgbà tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bá mọ ilé sára ògiri. Jéró ni oúnjẹ wọn gan-an. Níbi tí àpáta kò bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n a máa fi apẹ̀rẹ̀ ru erùpẹ̀ gòkè, wọ́n a tẹ́ ẹ sórí òkúta, wọ́n a sì gbin àlùbọ́sà sí i. Ní ọdún 1989 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ òkè náà àti ilẹ̀ Dogon sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé.

Àwọn Dogon kò sọ pé àwọn ni àkọ́dé. Ìtàn àwọn àgbà wọn ni pé láti ilẹ̀ Mande, ní ìwọ̀-oòrùn, ni àwọn ti ṣí wá, tí àwọn sì bá àwọn kan níbẹ̀. Wọ́n pe àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ní Tellem, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn tí a bá níbẹ̀. Inú ihò àpáta gíga ni àwọn Tellem ń tẹ́ òkú wọn sí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì wọ inú ihò wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún 1960, wọ́n bá aṣọ òwú àti aṣọ irun àgùntàn tí a ti hun láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ òkè náà kò jẹ́ kí ó jẹrà. Àwọn Dogon náà ń fi okùn tí a fi èèpo igi osè ṣe fa òkú tiwọn gòkè lọ sínú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i: orúkọ tí wọ́n fún ẹni tí ó ṣáájú wọn jẹ́ ẹ̀rí pé ilẹ̀ náà ní onílé kí wọ́n tó dé. Ìran tí kò bá purọ́ nípa bí òun ṣe dé ibi tí ó wà ti ní ìpìlẹ̀ kan tí kò rọrùn láti wó.

Ilẹ̀-ọba tí ó yí wọn ká

Odò Ọya tí ó ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà, tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa, ti gba ẹ̀bá Mopti kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Etí odò yìí ni àwọn alágbára tẹ̀dó sí. Ilẹ̀-ọba Màlì ni ó gòkè ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Songhai tẹ̀lé e, tí Sonni Ali fi Gao ṣe olú ìlú, tí ó sì gba Timbuktu ní ìparí ọdún 1460 sí 1469. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Askia Muhammad gorí ìtẹ́ ní 1493. Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò gba aṣálẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì fọ́ Songhai. Àwọn ọba Mossi ti Yatenga wà ní ìhà gúúsù. Ní 1818, Seku Amadu dá ìjọba Mùsùlùmí àwọn Fúlàní sílẹ̀ ní Masina, ó sì kọ́ Hamdallahi ṣe olú ìlú. Ní 1862, El Hadj Umar Tall gba Hamdallahi. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, inú ihò àpáta kan ní Degembere, láàárín òkè àwọn Dogon, ni Umar Tall alágbára yìí kú sí.

Ohun tí àwọn Dogon jẹ́ lójú àwọn alágbára wọ̀nyí kò ṣòro láti mọ̀. Ibi tí a ti lè kó ẹrú ni ilẹ̀ wọn. Àwọn Fúlàní ń pè wọ́n ní Haabe, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹlẹ́ṣin ni agbára ilẹ̀-ọba wọ̀nyí, ẹṣin kò sì lè gun ògiri àpáta. Iṣẹ́ tí òkè ṣe fún wọn nìyẹn. Àwa náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1830, abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí ogun tú wọn ká nínú ìlú wọn.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ọlá náà fún òkúta. Òkè gba ara là. Kò lè kọ́ ọmọ ní èdè. Kò sì sé ọ̀nà pátápátá. Àwọn Dogon sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà, wọ́n fi jéró gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran, wọ́n sì bá àwọn Bozo apẹja dá májẹ̀mú àwàdà tí ó jẹ́ pé ìhà méjèèjì lè bú ara wọn láìbínú, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ibi sí ẹnì kejì. Nígbà tí Umar Tall kú, tí Tijani, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, àwọn Dogon wà lára àwọn tí ó bá a jagun, ìlú Bandiagara ni ó sì fi ṣe ibùjókòó. Ìjọba rẹ̀ wà níbẹ̀ títí àwọn Faransé fi wọlé ní 1893. Nítorí náà, ọgbọ́n ni wọ́n fi gbé ní etí ilẹ̀-ọba: wọ́n mọ ìgbà tí a ń gun òkè, wọ́n sì mọ ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀.

Ilé ọ̀rọ̀

Bí òkè bá jẹ́ odi wọn lóde, ọ̀rọ̀ ni odi wọn nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí wọ́n ń pè ní togu na. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ọkùnrin ti ń dá ẹjọ́ ìlú. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ lé, òpó mẹ́jọ ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì fi pòròpórò jéró bò ó nípọn nípọn. Ṣùgbọ́n òrùlé náà kéré ní gíga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè nàró lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìbínú dìde yóò fi orí gbá òrùlé. Ìjókòó ni a fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì jókòó kò lè tètè na ọwọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀. Ìlú tí ó kọ́ sùúrù mọ́ inú òrùlé rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Olórí wọn nípa ti ẹ̀mí ni a ń pè ní Hogon. Ọjọ́ orí ni ó ń sọ ènìyàn di Hogon, kì í ṣe ogun jíjà. Bí wọ́n bá ti fi í jẹ, ó di ẹni ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Bákan náà, bí Dogon méjì bá pàdé lọ́nà, wọn kò ní kọjá lára wọn láìbéèrè: ará ilé ńkọ́? àwọn ọmọ ńkọ́? bàbá àti ìyá ńkọ́? Sewo ni ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé àlàáfíà wà. Àwa tí a ní ìkíni fún òjò, fún oòrùn, fún iṣẹ́ àti fún ìjókòó yóò mọ̀ pé ìran tí ó bá ń kíra báyìí kò ní tètè gbàgbé ẹni tí ó jẹ́.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti iyanrìn

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin awo ní tààrà. Àwọn Dogon náà ń wádìí, orí iyanrìn ni wọ́n sì ti ń wádìí. Ní ìrọ̀lẹ́, awo wọn yóò jáde lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Yóò tẹ́ iyanrìn dáadáa, yóò pín in sí ojúlé ojúlé, yóò sì fi igi kéékèèké, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilà ọwọ́ gbé ìbéèrè ẹni tí ó wá kalẹ̀: ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ àìsàn ni, tàbí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Yóò fọ́n ẹ̀pà sórí rẹ̀, yóò sì lọ sùn. Ní òru, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ń gbé inú iyanrìn yóò wá jẹ ẹ̀pà náà. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, awo yóò padà wá ka ojú ẹsẹ̀ ẹranko náà: èwo ni ó tẹ̀, èwo ni ó yẹ̀, igi wo ni ó dà wó. Nínú ìtàn tí àwọn onímọ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí ṣẹ̀ sí Amma, Ẹlẹ́dàá, ó sì pàdánù ohùn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ẹsẹ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ mọ́.

A kò wá sọ fún yín pé Ifá ni wọ́n ń dá. Wọn kò ní ikin, wọn kò ní Odù mẹ́rìndínlógún, wọn kò ní ẹsẹ tí a ń kì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti tẹ Ifá sórí ìyẹ̀rosùn rí yóò mọ ohun tí ojú ẹni tí ó tẹ̀ ba mọ́lẹ̀ wo iyanrìn ní òwúrọ̀ ń wá. Òfin kan náà ni ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: ẹni tí ń bèèrè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ń dáhùn. Bí awo Dogon bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ iyanrìn náà ní òru, kí ọ̀rọ̀ lè bọ́ sí ibi tí oníbèéèrè fẹ́, kò tíì wádìí ohunkóhun. Ara rẹ̀ ni ó tàn jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ọdún ọgọ́ta

Ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù lọ nínú ìṣe wọn ni ọdún Sigui. Ọgọ́ta ọdún ni ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Èyí tí ó ṣe kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Láti abúlé dé abúlé ni ó ti rìn gba òkè náà kọjá fún ọdún bíi méje, àwọn ọkùnrin tò tẹ̀lé ara wọn nínú ijó, wọ́n sì jọ mu ọtí jéró. Jean Rouch, ayàwòrán sinimá ọmọ Faransé, ya àwòrán rẹ̀ lọ́dọọdún láti 1967 títí di 1973. Ìrántí bí ikú ṣe wọ àárín ènìyàn ni Sigui jẹ́. Èdè ọ̀tọ̀ kan wà fún un, tí wọ́n ń pè ní sigi so, àwọn tí a bá yàn nìkan ni a sì ń kọ́.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ní Sigui kan yóò ti di arúgbó kí èkejì tó dé. Ẹni tí ó bá ṣe é ní àgbà kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìran kan ń gbé ẹrù yìí fún ọgọ́ta ọdún láìlò ó, kí ó lè gbé e lé ìran mìíràn lọ́wọ́. Bí ìran kan péré bá sùn, okùn ti já. Ilẹ̀-ọba Màlì kò lè já okùn náà, Songhai kò lè já a. Ní ìṣírò, ọdún 2027 ni Sigui tí ó kàn yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Inú irú ilẹ̀ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí?

Ohun tí òkè kò lè dí

Àlejò tí ó kọ́kọ́ gun òkè náà wá wádìí ọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni Marcel Griaule, ọmọ Faransé, tí ó dé ibẹ̀ ní 1931. Ìrìn àjò náà kó ohun púpọ̀ lọ sí Paris. Michel Leiris, akọ̀wé ìrìn náà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1934 pé nínú ilẹ̀ tí ó di Màlì lónìí, àwọn kó ohun ìbọ ènìyàn láìgba àṣẹ. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn àká, ère àti ìbòjú igi àwọn Dogon ti di ọjà ní ìlú òyìnbó. Ẹlẹ́ṣin kò lè gun òkè, ṣùgbọ́n owó gùn ún.

Ní 1946, Griaule jókòó fún ọjọ́ 33 lọ́dọ̀ afọ́jú ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ogotemmêli, ó sì tẹ ohun tí ó gbọ́ jáde ní 1948. Ìwé náà jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn ará òkè yìí ní ìmọ̀ jíjinlẹ̀ nípa ìṣẹ̀dá, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé ènìyàn dúdú kò ní ìrònú. Fún èyí, a kò ní ṣe aláìmoore. Nígbà tí Griaule kú ní 1956, àwọn Dogon fúnra wọn ṣe ìsìnkú fún un. Ṣùgbọ́n òun àti Germaine Dieterlen tún kọ ọ́ pé àwọn Dogon mọ̀ nípa ìràwọ̀ kékeré kan tí ń yí ìràwọ̀ Sirius ká, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ará ọ̀run kan ni ó ti ojú ọ̀run wá kọ́ wọn. Ní 1991, Walter van Beek, tí òun náà ti gbé láàárín wọn, kọ̀wé pé òun bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọn kò sì mọ irú ọ̀rọ̀ Sirius bẹ́ẹ̀. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lé e lórí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí àlejò bá ń bèèrè lemọ́lemọ́, tí ẹni tí ń dáhùn sì mọ ohun tí àlejò fẹ́ gbọ́, ó ṣòro láti mọ ẹsẹ̀ ta ni ó tẹ iyanrìn.

Ìpalára tí ó burú jù ni ti òde òní. Láti 2012 ni ogun ti wọ Màlì, ó sì dé ilẹ̀ Dogon. Àwọn Dogon àti àwọn Fúlàní, tí ó ti ń fi jéró gba wàrà láti ayébáyé, dojú ìjà kọ ara wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n pa ènìyàn tí ó lé ní 150 ní Ogossagou, abúlé Fúlàní, àwọn ọdẹ Dogon tí ó gbé ìbọn ni a sì fi ẹ̀sùn náà kàn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n pa ènìyàn 35 ní Sobane Da, abúlé Dogon. Ọmọdé wà nínú àwọn tí ó kú ní ibi méjèèjì. A sọ èyí nítorí pé kò tọ́ kí a yin ìran kan kí a sì fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Òrùlé togu na ṣì kéré ní gíga, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́ kò ní fi orí gbá a.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà, ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òkè fún àwọn Dogon ní àkókò. Ohun tí wọ́n fi àkókò náà ṣe ni ó pa wọ́n mọ́: wọ́n fi orúkọ jẹ́rìí sí ẹni tí ó ṣáájú wọn, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ́ kí iyanrìn dáhùn fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹrù ọgọ́ta ọdún fún ọmọ tí wọn kò tíì bí. Níbi tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ti dẹ̀, òkè kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ àgbàyanu àtẹnudẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àlejò ń wá sí ilé awo báyìí láti Brazil, láti Cuba, láti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ wa tí òkun gbé lọ, inú wa sì dùn sí wọn. Owó ń bá àwọn mìíràn wá, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ewu tí ó gun òkè Bandiagara ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Bí awo kan bá fi gbólóhùn tirẹ̀ kún ẹsẹ Ifá nítorí pé ojú àlejò ń dán, tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀, ọmọ wa ni yóò kà á ní ọgọ́ta ọdún sí i, yóò sì gbà pé ohùn Ọ̀rúnmìlà ni.

Àwọn baba wa ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín awo, ègbè àwọn yòókù ni ó ń jẹ́rìí pé ó tọ̀nà. Bí ó bá ṣì í, àgbà yóò dá a dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pa ìpàdé bẹ́ẹ̀ tì. Kí a máa kọ́ ọmọ púpọ̀ ní ẹsẹ kan náà, kí ó má jẹ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Kí a máa gba ohùn àgbà wa sílẹ̀ fúnra wa, níwájú àgbà mìíràn tí ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí a kò bá sì mọ̀, kí a ní ìgboyà láti sọ fún àlejò pé a kò gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tí ó kọ́ wa.

A ń gbàdúrà fún àwọn ará òkè Bandiagara, Dogon àti Fúlàní, kí wọ́n rí àlàáfíà kí ọdún ọgọ́ta wọn tó pé, kí wọ́n sì tún lè jókòó sábẹ́ òrùlé kan. A ń gbàdúrà fún ara wa pé kí ọwọ́ wa mọ́ lórí ọpọ́n, kí ẹsẹ̀ wa má sì dé orí iyanrìn tí kì í ṣe tiwa láti tẹ̀.

Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.